Emil Christian Hansen (1842–1909): Akunlé tí ó Di Olùkọ́ Àwọn Apọntí

Ìfáárà

Ipò tí ọtí wà láwùjọ Yorùbá kò fara sin. A fi ń sọmọ lórúkọ, a fi ń ṣe ìdána, a fi ń sìnkú àgbà, a sì fi ń bọ òrìṣà. Ní Ilé-Ifẹ̀, ìtàn ìṣẹ̀dá tí àwọn baba ńlá wa fi lé wa lọ́wọ́ kò yọ ọtí sílẹ̀. Ẹmu ni wọ́n sọ pé Ọbàtálá mu yó tí ó fi sùn lọ, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé ṣe. Ìdí nìyí tí ẹmu fi jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn Ọbàtálá. Modákẹ́kẹ́ ni ó bá Ilé-Ifẹ̀ pààlà. Àwọn tí ogun lé kúrò ní agbègbè Ọ̀yọ́ Ilé ni ó tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a sì fi mọ̀ wọ́n. Níbi tí àgbàdo bá sì ti pọ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í jìnnà síbẹ̀.

Bí a ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. A ó rẹ àgbàdo sómi, a ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó hù, a ó sá a gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì fi omi dídùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó ru. Bí ó bá ru tán, ó di ọtí. Àwọn apọntí mìíràn a máa bu díẹ̀ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná sínú ti òní kí ó lè tètè ru. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ti ń da àwọn apọntí láàmú láti ìgbà pípẹ́. Kí ni ó dé tí obìnrin kan náà, tí ó lo àgbàdo kan náà àti ìkòkò kan náà, fi lè pọn ọtí tí ó dùn lónìí, kí ti ọ̀la sì kan gógó? Kí ni ó dé tí ọtí tí a fẹ́ kí ó le gan-an fi máa ń dá ríru dúró lágbedeméjì, tí adùn rẹ̀ kò tán, tí agbára rẹ̀ kò sì pé?

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ọgbọ̀n ọdún gbáko wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Emil Christian Hansen, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark. Ète iṣẹ́ yìí ni láti sọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ ní ṣókí, láti ṣàlàyé ohun tí ó ṣàwárí nípa ìwúkàrà, àti láti fi hàn bí àwárí náà ṣe kan ọtí tí a ń pọn nílé, pàápàá jù lọ ọtí líle. A yàn án nítorí pé ìtàn rẹ̀ bá àwa olùkọ́ àti ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ wí. Bí kì í bá ṣe olùkọ́ abúlé kan, ó ṣeé ṣe kí ó kú sídìí ọ̀dà kíkùn.

Ìbí Rẹ̀ àti Ìjàkadì Rẹ̀ fún Ẹ̀kọ́

Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1842 ni wọ́n bí Hansen ní Ribe, ìlú àtayébáyé kan ní apá ìwọ̀-oòrùn Denmark. Ìdílé tí kò rí jájẹ ni wọ́n bí i sí. Owó tí wọn yóò fi rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò sí, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kọ́. Iṣẹ́ akunlé ni ó kọ́ yege. Ọkàn rẹ̀ kò sinmi lórí iṣẹ́ yìí. Ó nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ ọnà àti ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là fún un bí ó ti fẹ́.

Ní àárín ọdún 1860 sí 1870 ni ayé rẹ̀ yí padà. Ó rí iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọdé nínú ilé àwọn ọlọ́lá kan ní Holsteinborg. Ní agbègbè yẹn ni ó ti pàdé Peder Nielsen, olùkọ́ ilé-ìwé ní abúlé Ørslev, ẹni tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ ewéko bí ẹní fẹ́ràn oúnjẹ. Nielsen kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Olùkọ́ ọmọdé ni, ṣùgbọ́n inú igbó àti pápá ni kíláàsì rẹ̀ kejì wà. Òun ni ó la ojú Hansen sí ìwà ewéko àti olú. Láti ìgbà náà ni Hansen ti pinnu pé òun yóò di onímọ̀ ìjìnlẹ̀.

Ìpinnu dùn ún ṣe, owó ni kò sí. Ó ti lé ní ọmọ ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n kí ó tó yege nínú ìdánwò tí yóò gbé e wọ yunifásítì ìlú Copenhagen. Láàárín àwọn tí wọ́n kéré sí i lọ́jọ́ orí ni ó jókòó sí. Ìtàn àròsọ ni ó ń kọ tí ó ń tà láti fi rówó kàwé. Ní 1876, òun àti Alfred Jørgensen túmọ̀ ìwé ìrìn-àjò Charles Darwin lórí ọkọ̀ ojú omi Beagle sí èdè Denmark. Ọdún yẹn kan náà ni yunifásítì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà nítorí iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe lórí àwọn ẹ̀yà olú tí ń hù lórí ìgbẹ́ ẹran. Àwọn kan lè fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè fi sùúrù wo ohun tí ń hù lórí ìgbẹ́ ẹran, kò ní í ṣòro fún un láti wo ohun tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ọtí. Nínú ẹbí olú náà ni ìwúkàrà wà.

Ilé Ìpọntí Carlsberg àti Olówó Rẹ̀

A kò lè sọ ìtàn Hansen kí a má mẹ́nu ba Jacob Christian Jacobsen, ẹni tí ó gbé láàárín ọdún 1811 sí 1887. Apọntí ni Jacobsen. Ní 1845, ó rìnrìn-àjò lọ sí Munich, ní Jámánì òde òní, ó sì gba ìwúkàrà ọtí olótùútù ní ilé ìpọntí Spaten. Inú agolo méjì ni ó gbé e sí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ni ó wọ̀ padà, bí ọkọ̀ bá sì ti dúró níbi kan, yóò bu omi tútù sí agolo náà lára kí ooru má baà pa ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ìwúkàrà náà yè dé Copenhagen. Ní 1847, Jacobsen dá ilé ìpọntí tirẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú, ó sì fi orúkọ ọmọkùnrin rẹ̀ Carl pè é ní Carlsberg.

Jacobsen gbà pé ọtí pípọn kò gbọ́dọ̀ dá lórí àbá àti oríire nìkan. Ní 1875, ó dá ilé ìwádìí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìpọntí náà. Ẹ̀ka méjì ni ó ní: ẹ̀ka kẹ́místrì àti ẹ̀ka ìṣesí ohun ẹlẹ́mìí. Òfin kan tí ó ṣe fún ilé ìwádìí yìí yani lẹ́nu: àbájáde ìwádìí tí ó bá ṣe pàtàkì, a kò gbọ́dọ̀ fi í pamọ́, gbogbo ayé ni kí a tẹ̀ ẹ́ jáde fún. Ní 1879, Hansen gba oyè ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó ṣe lórí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ń gbé inú ọtí àti omi ọkà. Ọdún náà ni ó di olórí ẹ̀ka ìṣesí ohun ẹlẹ́mìí. Ipò yìí ni ó wà títí ó fi kú.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò ni ibi tí ìwúkàrà inú ìgbẹ́ ń gbé. Ó tọ ipasẹ̀ ẹ̀yà kan tí ó ní ṣóńṣó ní ìkángun méjèèjì. Ó rí i pé lórí èso dídùn tí ó ti pọ́n ni ó máa ń wà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí òjò àti èso jíjábọ́ yóò sì gbé e wọ inú ilẹ̀ lábẹ́ igi, níbi tí yóò ti la ìgbà òtútù já. Nígbà tí èso tuntun bá pọ́n, afẹ́fẹ́ àti kòkòrò yóò tún gbé e padà. Ẹni tí ó bá rí bí ẹmu ṣe ń hó fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó fi ohunkóhun sí i, yóò mọ̀ pé irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀pẹ tiwa náà.

Àìsàn Ọtí ti Ọdún 1883

Kí Hansen tó dé, Louis Pasteur ará Faransé ti fi hàn pé ohun ẹlẹ́mìí ni ìwúkàrà, òun ni ó sì ń sọ ṣúgà di ọtí. Ní 1876 ni Pasteur tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọtí ọkà jáde. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé bakitéríà ni ó ń kó àìsàn bá ọtí. Gbogbo ayé gbà bẹ́ẹ̀. Bí apọntí bá ti lè lé bakitéríà jìnnà, wọ́n gbà pé ọtí rẹ̀ kò ní í bàjẹ́.

Ní 1883, ọtí Carlsberg gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Òórùn rẹ̀ yí padà, ó sì ń korò lẹ́nu lọ́nà tí kò bójú mu. Hansen gbé ìwúkàrà ilé ìpọntí náà sábẹ́ awò asọkékeré-dińlá. Ohun tí ó rí kì í ṣe bakitéríà. Ìwúkàrà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ìwúkàrà inú ìgbẹ́ ti wọ àárín ìwúkàrà rere, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ẹ̀yà ìgbẹ́ wọ̀nyí ni ó ń ba ọtí jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Lọ́nà kìíní, ó túmọ̀ sí pé àlàyé Pasteur kò pé. Lọ́nà kejì, ó túmọ̀ sí pé ìwúkàrà tí Jacobsen fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá láti Munich, tí ó sì ti ń tọ́jú fún bí ọdún méjì-dín-lógójì, kò mọ́ mọ́. Jacobsen kò kọ́kọ́ gbà. Kò rọrùn fún ọmọ iṣẹ́ láti wí fún ọ̀gá tí ń san owó oṣù rẹ̀ pé ohun tí ó fi ń yangàn ti lábùkù. Hansen kò bá a jiyàn lẹ́nu. Ó jẹ́ kí iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ya àwọn ẹ̀yà náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pọn ọtí, ó sì jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó mú ọtí Carlsberg tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jáde. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1883, wọ́n fi ìwúkàrà ẹlẹ́yà-kan náà pọntí ní ilé ìpọntí Carlsberg àtijọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé ìpọntí ńlá. Àìsàn ọtí náà kásẹ̀ nílẹ̀, Jacobsen sì gbà.

Jacobsen lè fi àwárí yìí pamọ́ kí ó máa fi í pa owó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ náà di títẹ̀ jáde, ó sì ń fún àwọn ilé ìpọntí mìíràn ní ìwúkàrà mímọ́ náà láìgba owó. Nígbà tí Pasteur ṣe àbẹ̀wò sí Copenhagen ní 1884, ó dé Carlsberg, ó sì rí iṣẹ́ tí ó tún iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe.

Láti Orí Hóró Kan dé Orí Àgbá

Báwo ni Hansen ṣe rí hóró ìwúkàrà kan ṣoṣo mú, nígbà tí ojú kò lè rí i? Ọgbọ́n ìṣirò ni ó lò. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé rẹ̀. Bí a bá ka hóró mẹ́wàá nínú ẹ̀kán omi kan lábẹ́ awò, tí a sì kán irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ sínú mílílítà 20 omi tí a ti sè, a jẹ́ pé nínú mílílítà méjì-méjì ni a ó ti máa rí hóró kan. Bí a bá pín omi náà ní mílílítà kọ̀ọ̀kan sínú ogún ìgò tí omi ọkà dídùn wà nínú wọn, àwọn ìgò kan kò ní í rí nǹkan kan gbà, àwọn mìíràn yóò gba hóró kan, díẹ̀ yóò sì gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hansen a gbọn àwọn ìgò náà dáadáa, a sì gbé wọn kalẹ̀ láì tún fọwọ́ kàn wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, níbi tí hóró kọ̀ọ̀kan bá jókòó sí, àbàwọ́n funfun yóò yọ. Ìgò tí ó bá ní àbàwọ́n kan ṣoṣo, ọmọ ìyá kan ni gbogbo ìwúkàrà inú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó tún lo ọ̀nà ti Robert Koch ará Jámánì, níbi tí a ti ń fi gẹlátínì mú hóró dúró sójú kan.

Rírí hóró kan kò tíì yanjú ọ̀rọ̀. Àgbá tí ó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà ń dúró, ta ni yóò sì ju hóró kan sínú rẹ̀? Níbi yìí gan-an ni ọgbọ́n tí apọntí ilé lè kọ́ lọ́dọ̀ Hansen wà. Kò gbé ọmọ ọwọ́ lọ sójú ogun. Inú ìgò kékeré ni ó ti kọ́kọ́ jẹ́ kí ìwúkàrà náà bí sí i. Nígbà tí wọ́n pọ̀, ó dà wọ́n sínú ìgò tí ó tóbi jù ú lọ. Láti ibẹ̀, wọ́n bọ́ sínú ìkòkò onídẹ, kí wọ́n tó wọ inú ẹ̀rọ tí òun àti Kühle, ọ̀gá ní ilé ìpọntí Carlsberg àtijọ́, jọ ṣe. Afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ sínú ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé inú àgbá, ogun ńlá ni wọ́n. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ọtí Líle àti Iye Ìwúkàrà tí ó Tó

Láti ìgbà Hansen ni àwọn apọntí ti mú kíka hóró ìwúkàrà lọ́kùn-ún-kúndùn. Ìdíwọ̀n kan tí àwọn tí ń pọntí nílé ń lò lóde òní lọ báyìí: fún ọtí tí a pọn níbi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, hóró 750,000 fún mílílítà kan, fún ìdíwọ̀n Plato kọ̀ọ̀kan. Ìdíwọ̀n Plato ni iye gíráàmù èròjà dídùn tí ó yọ́ sínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù omi ọkà. Fún ọtí tí a pọn nínú òtútù bí i ti Carlsberg, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pọn lítà 20 ọtí wọ́ọ́rọ́ tí omi ọkà rẹ̀ jẹ́ 12 ní ìdíwọ̀n Plato, hóró bílíọ̀nù 180 ni ó nílò. Bí ó bá fẹ́ kí ọtí náà le, tí ó sì mú omi ọkà náà dé 20, iye náà di bílíọ̀nù 300. Bí ó bá jẹ́ nínú òtútù ni yóò pọn ọ́n, ó di bílíọ̀nù 600. Ẹni tí ó bá da iye ìwúkàrà kan náà sínú ọtí líle àti ọtí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí a lè mọ bí iye yìí ti pọ̀ tó, bí hóró kan bá ń di méjì, tí méjì ń di mẹ́rin, ìgbà méjì-dín-lógójì ni ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì kí ó tó kọjá bílíọ̀nù 180.

Kí ni ó dé tí ọtí líle fi ń béèrè ogun tí ó pọ̀ jù? Ìdí mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí. Ìkíní, èròjà dídùn tí ó nípọn jù máa ń fa omi jáde lára hóró ìwúkàrà, bí iyọ̀ ṣe ń fa omi lára ẹran. Hóró tí èyí bá bá lójijì kì í tètè gbéra. Èkejì, álíkóhọ́ọ̀lù tí ìwúkàrà ń ṣe jẹ́ májèlé fún òun fúnra rẹ̀. Bí ọtí ṣe ń le sí i ni ibùgbé rẹ̀ ń burú sí i. Ẹ̀kẹta, hóró kọ̀ọ̀kan nílò ọ́síjìn ní ìbẹ̀rẹ̀ láti fi ṣe ọ̀rá tí ó mú awọ ara rẹ̀ yi. Bí ìwúkàrà bá ti ń bí, àwọn ọmọ ń pín ọ̀rá yìí mọ́wọ́. Bí ọ́síjìn bá tán, awọ ara wọn yóò fẹ́lẹ́, álíkóhọ́ọ̀lù yóò sì tètè wọlé sí wọn lára. Nítorí náà, bí wọ́n bá kéré níye láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó bí kẹ́yìn kò ní í lágbára láti parí iṣẹ́.

Àmì tí a fi ń mọ̀ ni pé ọtí náà yóò pẹ́ kí ó tó ru, àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn yóò sì ráyè gba ilé onílé. Ó lè dá dúró lágbedeméjì, kí ó dùn bí omi ṣúgà. Òórùn rẹ̀ sì lè le ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀nà àbáyọ ni èyí tí Hansen là sílẹ̀: kí a kọ́kọ́ fi omi ọkà tí kò nípọn, tí a ti sè tí ó sì ti tutù, bọ́ ìwúkàrà fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó lè pọ̀, kí a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó wọ omi ọkà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru, kí a sì wẹ gbogbo ohun èlò mọ́. Bí a bá fẹ́ lo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àtijọ́, ti ọtí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí a lò fún ọtí líle. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí líle ti rẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì lè ti kú. Ṣùgbọ́n àṣejù kò dára: bí ìwúkàrà bá pọ̀ ní àpọ̀jù, kò ní í ráyè bímọ bí ó ti yẹ, adùn ọtí náà á sì pòórá.

Ibi tí Ìmọ̀ Hansen Mọ

Kò tọ́ kí a yin Hansen títí kí a gbàgbé pé ènìyàn ni. Kì í ṣe gbogbo apọntí ni ó gba ọ̀nà rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn apọntí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́ra. Ọtí líle tí wọ́n máa ń fi pamọ́ fún oṣù púpọ̀ ní ìtọ́wò kan tí ìwúkàrà ẹlẹ́yà-kan kò lè fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Niels Hjelte Claussen, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ní Carlsberg, wá rí ìdí rẹ̀. Ìwúkàrà kejì kan ni ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú àgbá lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bá ti dákẹ́. Ó pè é ní Brettanomyces, ìyẹn olú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kọ́ wa pé ohun tí ó jẹ́ ìbàjẹ́ nínú ìkòkò kan lè jẹ́ ẹwà nínú òmíràn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti bùrùkùtù kì í ṣe ọtí ẹlẹ́yà-kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ìwúkàrà àti bakitéríà ni ó ń fún wọn ní kíkan tí a mọ̀ mọ́ wọn. Bí a bá mú ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀, ọtí yóò wà, ṣùgbọ́n kò ní í jẹ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ́.

Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀ àti Ipa Rẹ̀ Títí Dòní

Ní 1908, Hansen fún ìwúkàrà ọtí olótùútù náà ní orúkọ ilé tí ó ti rí i, Saccharomyces carlsbergensis. Ọdún kejì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 1909, ni ó kú ní Hornbæk, létí òkun Denmark. Ọmọ ọdún mẹ́tà-dín-láàádọ́rin ni. Lóde òní, Saccharomyces pastorianus ni àwọn onímọ̀ ń pe ìwúkàrà náà, orúkọ tí ó ti wà ṣáájú, tí ó sì bọlá fún Pasteur. Ní 2011, àwọn olùwádìí kéde pé àwọn rí ọ̀kan nínú àwọn òbí ìwúkàrà yìí nínú igbó Patagonia ní gúúsù Amẹ́ríkà. Òbí kejì ni ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì.

Iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946 pọn ọtí Star àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Èkó ní 1949. Ní Iléṣà, tí kò jìnnà sí Modákẹ́kẹ́, International Breweries bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Trophy ní 1978. Irú ọtí olótùútù ni àwọn wọ̀nyí, ìlànà ìwúkàrà mímọ́ sì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ irú ilé ìpọntí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ilẹ̀ wa ni àwọn ilé ìpọntí yíjú sí. Ọkà yí padà, ìtọ́jú ìwúkàrà kò yí padà.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a fẹ́ kí òǹkàwé wa mú dání. Àkọ́kọ́ ni ti Peder Nielsen. Olùkọ́ abúlé tí ó fi ìfẹ́ kọ́ni lè tan iná tí yóò mọ́lẹ̀ dé ilẹ̀ tí òun kò ní í dé láéláé. Èkejì ni pé ọjọ́ orí àti òṣì kì í pa ọ̀nà ẹ̀kọ́ dé pátápátá. Ẹ̀kẹta ni pé ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ ń bá olówó rẹ̀ wọ ilẹ̀. Àwọn ìyá apọntí tí ó mọ iye gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó yẹ kí wọ́n bù sínú ìkòkò kí ọtí tó le, onímọ̀ ni wọ́n. Ọwọ́ wọn ni ìdíwọ̀n wọn, ṣùgbọ́n a kò kọ ọ́ sílẹ̀. Hansen kọ tirẹ̀, Jacobsen tẹ̀ ẹ́ jáde, ìdí nìyí tí a fi ń dárúkọ wọn ní Modákẹ́kẹ́ lónìí, nígbà tí orúkọ àwọn ìyá wa ń parẹ́.

Olùkọ́ lè fi ẹ̀kọ́ yìí han àwọn ọmọ láìpọn ọtí fún ẹnikẹ́ni. Kí ó wá ìgò mẹ́ta, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣúgà, àti ìwúkàrà gbígbẹ tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Kí ó fi ṣúgà díẹ̀ tí ó dọ́gba sínú ìgò kìíní àti èkejì, kí ó sì fi púpọ̀púpọ̀ sínú ẹ̀kẹta. Kí ó fi ìwúkàrà díẹ̀ sínú èkíní, kí ó fi ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ sínú èkejì, kí ti ẹ̀kẹta sì jẹ́ díẹ̀ bí i ti èkíní. Kí ó wá fi rọ́bà tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ dé ẹnu wọn. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ kọ́kọ́ wú àti èyí tí ó pẹ́ jù yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí Hansen kọ́ àwọn apọntí. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tọ ipasẹ̀ Emil Christian Hansen láti ìdí ọ̀dà kíkùn ní Ribe dé ìdí awò ní Carlsberg. A ti rí i pé àwárí rẹ̀ kì í ṣe ti rírí hóró kan nìkan. Mímú hóró kan náà pọ̀ títí yóò fi tó iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́ ni apá kejì rẹ̀. Ọtí líle kò fẹ́ ogun kékeré. Bákan náà ni iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìmọ̀ àwọn apọntí ilẹ̀ wa: ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ bá ìyá apọntí kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó béèrè, kí ó wò, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ.